Kí O Tó Yí Ohùn Ẹlòmíràn Padà

Ìrókò,
Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Morẹ́nikẹ́, Àṣàkẹ́ mi,

Bí o ṣe fi wá sílẹ̀ náà ni a wà, àfi orúnkún dádì rẹ tí kò jẹ́ kí wọ́n lè dé oko láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo ti yọmọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé bí o bá pẹ́ kí o tó wá, àwọn ọ̀bọ kò ní dúró dè ọ́.

Inú mi dùn nígbà tí o pè láti sọ fún wa pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alakia. Iṣẹ́ gidi ni kí ènìyàn máa gba kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti àwọn ẹbí, kí ó sì máa kó ohùn inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni o sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń ṣeré, pé ọ̀gá yín ní kí o wá sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò máa yí fáìlì ohùn láti irú kan sí òmíràn. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, èwo lẹ máa ń lò nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́?" Mo ní n óò pè ọ́ padà. N kò pè. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé.

O mọ̀ pé ọdún púpọ̀ ni mo fi gba ohùn àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn. O mọ̀ pẹ̀lú pé ẹbí bàbá mi lẹ́bàá Akanran kò jọ jókòó pọ̀ mọ́ láti ìgbà tí Bàbá Àjàní ti kú. Ibi tí nǹkan méjèèjì yìí ti pàdé ni o kò mọ̀ dáadáa, nítorí ilé ìwé ni o wà nígbà náà, n kò sì fẹ́ kó ọ lọ́kàn sókè. N óò sọ ọ́ báyìí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn ìmọ̀ràn tó rọrùn ni kí n kọ́kọ́ sọ.

Ìkínní, mọ ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà kí o tó gbà á wọlé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ọ̀gá wa kan máa ń kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Ìrókò pé kí wọ́n má ṣe ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò ní rí ní àmọ́dún. Èmi tí mo ti yunifásítì dé máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Mo lọ ra àgbàdo fún oko ara mi lọ́wọ́ ẹnì kan tó gbé ọkọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ títì, torí pé páálí rẹ̀ dára, àwòrán ara rẹ̀ sì ń dán. Ó kọ̀, kò hù. Ìgbà tí mo padà síbẹ̀, ojú ọ̀nà ni mo bá, n kò bá ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sọ́fítíwíà rí. Ta ló ṣe é? Ṣé orúkọ wọn wà lára rẹ̀? Ṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ṣé wọ́n sì ń tún un ṣe títí di ìsinsìnyí? Àwọn kan wà tí àwọn tó ṣe wọ́n ṣí inú wọn sílẹ̀ gbayawu, tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè yẹ̀ wọ́n wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú wọn ni kí o kọ́kọ́ wá. Ọ̀fẹ́ kò burú, ọ̀fẹ́ tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an ni kí o ti gbà á, má lọ gbà á lọ́wọ́ alágbàtà tí bọ́tìnì kún ojú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí o bá tẹ ọ̀kan, nǹkan tí o kò bẹ̀ níṣẹ́ á tẹ̀ lé e wọlé. Bí ó bá sì ń béèrè àwòrán inú fóònù rẹ àti orúkọ àwọn tí o ń pè, lé e jáde. Kí ni ọlọ fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣe?

Èkejì, ohùn tí wọ́n bá fà lé ọ lọ́wọ́, tìrẹ kọ́. Àwọn ojú-ewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé àfi kí o kọ́kọ́ gbé fáìlì ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó lè yí i padà. Wọ́n á ní àwọn yóò pa á rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìwọ kò sí níbẹ̀ láti rí i. Obìnrin tó ń sunkún níwájú Ọlọ́run nínú kásẹ́ẹ̀tì, bàbá tó ń pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò sí èyí tó yẹ kí o gbé lọ sí ilé tí o kò mọ onílé. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tìrẹ, pa dátà rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí o ti pa dátà, o lè máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Ka gbogbo ohun tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀ dè ọ́ kí o tó tẹ bọ́tìnì pé kó máa lọ.

Ilẹ̀ kan wà létí odò ní abúlé wa, tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Obì àti kòkó tí bàbá bàbá mi gbìn ló wà lórí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ilé bá búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ti fẹ́ kọ́lé, ó sì ní òun rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣojú ẹbí. Apá kan nínú ẹbí ní Bàbá Àjàní ló tà á, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà. Apá kejì ní irọ́ ni. A pe ìpàdé sí pálọ̀ Bàbá. Wọ́n ní kí èmi tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, kí àwọn tó wà ní ìdálẹ̀ lè gbọ́. Mo gbé fóònù mi lé orí tábìlì, ní iwájú Bàbá.

Sùlé, Àńkù Sùlé yín, tó jẹ́ akọ̀wé ẹbí, ni wọ́n yàn láti béèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní kí n bi yín ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ ta ilẹ̀ etí odò?"

Bàbá kò dáhùn. O mọ ilé wa, àgbà kì í wí àwíjàre lórí ẹ̀sùn tó bá ti ẹnu ọmọ jáde. Bàbá ń wo ọwọ́ ara wọn. Pálọ̀ dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ lóde. Ó pẹ́. Sùlé gan-an tẹ orí ba, ojú tì í pé òun ló béèrè.

Ìyá Rábì, ìyàwó Bàbá, wà lẹ́nu ọ̀nà tó já sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó ilé kì í dá sí ìpàdé ẹbí, bó bá sì ṣe dandan kó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kì í jù bí afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n rí i pé ètè ọkọ wọn ti gbẹ.

"Bàbá Rábì, ṣé kí n bu omi wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá wí.

Bàbá mu omi náà, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Ìpàdé tú. Mo pa ẹ̀rọ.

Irú fáìlì tí fóònù mi fi gba ohùn kò ṣí lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wọn. Sùlé ní kí n yí i sí MP3. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ ohùn láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni mí, mo sì fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Mo wá sọ́fítíwíà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó kọ́kọ́ yọjú ni mo mú. Àwọn àpótí kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀. Ọ̀kan ní òun yóò gé ibi tí ìdákẹ́ bá wà kúrò kí fáìlì má baà wúwo. Òmíràn ní òun yóò pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́ bí iṣẹ́ bá ti parí. N kò kà wọ́n lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ni mo padà lọ kà wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́, ó parí, mo fi í ránṣẹ́ sí Wásáàpù ẹbí. N kò gbọ́ ọ kí n tó fi ránṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Ojú mi ló ṣe.

Bí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ ìdákẹ́ ni pé ó ní ìwọ̀n kan. Ohùn tí kò bá tó ìwọ̀n náà, ìdákẹ́ ni lójú tirẹ̀. Ohùn Ìyá Rábì kò tó o. Ohun tí àwọn ẹbí wa gbọ́ níbi gbogbo tí wọ́n wà nìyí:

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ta ilẹ̀ etí odò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn baba wa ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí mo fi rí ohun tí mo ṣe. Mo kọ̀wé sí wọn, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ló gé e. Àbúrò mi kan tó wà ní Èkó fi ohùn fèsì níwájú gbogbo wọn.

"Àǹtí Yunifásítì, ẹ̀yin lẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́. Ìgbà tí kò wá gbè yín mọ́, ẹ̀rọ ló ń parọ́? Ẹ kú àlàyé o."

Mo wá fáìlì àkọ́kọ́. Sọ́fítíwíà náà ti pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù náà, kò sí, nítorí ńṣe ni mo kó o kúrò níbẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà dípò kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo gbé méjèèjì lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó gbìyànjú, kò rí i.

Ohun tó dùn mí jù nìyí, Àṣàkẹ́. Àwọn tó wà nínú pálọ̀ náà ńkọ́? Ṣebí wọ́n gbọ́? Sùlé tó béèrè fúnra rẹ̀, tó tẹ orí ba lójú mi, kò pẹ́ tó fi ń sọ pé òun gbọ́ ọ tí Bàbá dáhùn. N kò gbà pé ó ń parọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́ ti pálọ̀, ti fóònù kò sì kúrò létí rẹ̀. Ohùn tí a bá gé, bí a bá ń gbọ́ ọ léraléra, a máa gé ìrántí àwọn ènìyàn pẹ̀lú.

Mo lọ bá Bàbá. Àwọn ọmọ kan ti gbé e fún wọn gbọ́ kí n tó dé. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde ńlẹ̀," ni Bàbá wí. "Ohùn mi ni wọ́n gbé wá. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀rọ ló gé e, Bàbá."

"Ìwọ, irin yín yẹn, kò mọ̀ pé mò ń dákẹ́ ni?"

"Kò mọ̀, Bàbá."

"Ó ga o. Ewúrẹ́ mi mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bó ṣe jẹ́.

"Ojúkojú ni wọ́n bi mí, n kò fèsì," ni Bàbá wí. "Ṣé inú fóònù ni n óò wá sá lọ fèsì sí? Máa lọ sílé, ọmọ mi. Bá mi kí ọkọ rẹ."

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà kò tíì parí tí Bàbá fi kú. Àwọn tó ní Bàbá ló ta ilẹ̀ kò wá síbi ìsìnkú. Níbi tiwa, àwọn ọmọkùnrin ilé ní í gbẹ́ sàréè àgbà wọn. Alágbàṣe ló gbẹ́ ti Bàbá Àjàní. Lẹ́mọ́ọ̀mù wẹ̀yìn, ó béèrè bóyá kí a dúró de àwọn yòókù. Dádì rẹ ló sọ fún un pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí o má baà rò pé òkú ni mò ń gbèjà: n kò mọ̀ bóyá Bàbá Àjàní ta ilẹ̀ náà. Títí di òní, kò sí ẹni tó fi ẹ̀rí mọ ẹni tó tà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bàbá kò sọ pé àwọn tà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí.

N kò ní ka iye mọ́ báyìí. Àwọn tó kù tẹ̀ lé ohun tí o ti kà.

Má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun kan fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí o máa fún sọ́fítíwíà. Pákí tí a ti rin, tí a ti fún, tí a ti yan, ti di gàrí; o lè fi gàrí ṣe ohun tó wù ọ́, kò ní padà di pákí. MP3 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò wúwo, gàrí ni wọ́n. Wọ́n dára fún fífi ránṣẹ́. Èyí tí o máa tọ́jú pamọ́, jẹ́ kí ó wà ní odindi bó ṣe ti inú kásẹ́ẹ̀tì jáde, bó ti wù kó wúwo tó, kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú ilé kan náà.

Kí o tó fi sọ́fítíwíà kankan ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn, fi ohùn ara rẹ dán an wò. Sọ̀rọ̀ sókè, rọra sọ̀rọ̀, dákẹ́, tún rọra sọ̀rọ̀. Yí i padà, kí o sì gbọ́ ọ. Bí o kò bá gbọ́ ara rẹ níbi tí o ti rọra sọ̀rọ̀, yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, má wojú ẹni tó fún ọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wo bí fáìlì méjèèjì ti gùn tó. Èyí tó jáde kò gbọdọ̀ kúrú ju èyí tó wọlé lọ. Ká ní mo wo ìyẹn nìkan lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti rí i pé ohun kan ti sọnù. Lẹ́yìn náà, fi etí ara rẹ gbọ́ ọ tán, pàápàá èyí tí o rò pé o ti mọ̀.

Ọ̀gá yín á ní kò sí àyè. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún un. Bí kò bá gbà, dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ọmọ mi. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o fi ohùn àwọn ènìyàn ṣe kíákíá, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí o pẹ́ sí.

Ohun kan ṣẹ́kù. Mo lọ kí Ìyá Rábì ní abúlé láìpẹ́ yìí. Ikọ́ ń bá wọn jà, wọ́n sì ti rù. Mo bá wọn lórí ẹní níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó, mo ń bá wọn bó o. A kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá, àfi ìgbà tí mo ń múra àtilọ.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, èmi ni mo bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ omi lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo gbọ́ yín."

"Ó dáa bí ìwọ bá gbọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ń jà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí rí."

"Ẹ ò ṣe sọ fún wọn?"

"Ìyàwó ilé ni mí. Ibo ni n óò dúró sí sọ ọ́? Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè, n óò fèsì."

Èmi lè gba ohùn wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí kò ní gba ohun tó bá ti ọwọ́ mi jáde mọ́, wọn kò sì jẹ̀bi. Mo bi Sùlé bóyá yóò gbọ́ èyí tí ìwọ bá gbà sílẹ̀. Ó ní, "Bí Morẹ́nikẹ́ bá gbé e wá ní odindi, n óò gbọ́ ọ." N kò ṣèlérí pé èyí yóò tún ẹbí ṣe. Kò ní jí Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ni wọ́n ń pe Rábì àti àwọn àbúrò rẹ̀ níbi gbogbo, ó sì yẹ kí ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn kí ikọ́ yẹn tó gbà á lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, bí o bá rí àyè, kí o tó wá jẹ àgbàdo, gba Akanran lọ kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ̀rọ tí o ti dán wò ni kí o mú lọ. Kúnlẹ̀ kí wọn, bá wọn bó ẹ̀gúsí díẹ̀, kí o tó béèrè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ tuntun yìí fi ojú rẹ rí ohun tí temi fi ojú mi rí.

Ohùn wọn kì í ga. Gbé ẹ̀rọ sún mọ́ wọn dáadáa. Bí wọ́n bá sì dákẹ́, má pa á.

Èmi ni,
Màmá rẹ.